Ibi Ìfà Ọkọ̀: Níbo Ló Yẹ Kí A So Okùn Mọ́?

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn déédéé á ti rí i: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kú sẹ́bàá títì, ọkọ̀ mìíràn wá dúró níwájú rẹ̀ láti fà á, ẹnì kan sì na gbalaja sílẹ̀, ó ń tọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ láti wá irin tí yóò so okùn mọ́. Irin àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló máa ń lò. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú bá gbéra, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé bọ́ńpà á fà ya, tàbí kí irin tí wọ́n so okùn mọ́ tẹ̀, kí ọkọ̀ náà sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ọjọ́ yẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé okùn ni kò dára, tàbí pé ẹni tó wa ọkọ̀ iwájú ló fi agídí ṣe é. Òótọ́ lè wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí a so okùn mọ́ ló máa ń pinnu ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti yan ibì kan pàtó sílẹ̀ fún ìfà. Wọ́n fi irin tó nípọn sí i, wọ́n sì jẹ́ kó wọnú ibi tó lágbára jù lára ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti wa ọkọ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò mọ ibẹ̀. Àlàyé ibi tó wà, bí a ṣe ń lò ó, àti ohun tí kò lè ṣe ni àròkọ yìí dá lé.

Kí ni ibi ìfà?

Ibi ìfà ni ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti pèsè lára ṣáṣì, kí a lè so okùn tàbí irin mọ́ ọn nígbà tí ọkọ̀ náà kò bá lè dá rìn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni ìkọ́ tó wà lára ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ti jó o mọ́ ṣáṣì, tàbí kí wọ́n fi bóòtù ńlá dè é. Ara pikọ́ọ̀pù, jíìpù, bọ́ọ̀sì àti àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ la ti máa ń rí i. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú, a ó rí irin tó tẹ̀ bí ìkọ́ tàbí tó ṣe roboto.

Èkejì ni òrùka ìfà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tówíǹ húùkù. Òun ló wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní. Ọ̀pá irin kúkúrú kan ni, ó ní òrùka lórí, ó sì ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì ní ìdí bíi ti bóòtù. Kì í gbé lára ọkọ̀. Inú búùtù ló ń gbé, lọ́dọ̀ jáàkì àti wíìlì sípánà. Ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ la máa mú un jáde, tí a ó sì dè é sínú ihò kan tó wà lẹ́yìn ìdérí kékeré lára bọ́ńpà.

Ìdérí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí tí wọn kò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè ní igun mẹ́rin, ó sì lè ṣe roboto. Àwọ̀ kan náà ni òun àti bọ́ńpà sábà máa ń ní, ìyẹn ló fi máa ń ṣe ènìyàn bíi pé ọ̀ṣọ́ ni. Ilẹ̀kùn ihò ìfà ni.

Bí ìkọ́ ṣe di ihò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ kò ní ìṣòro ibi tí a ó so okùn mọ́. Irin gígùn méjì tó nípọn ló na láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì, àga àti gbogbo ara ọkọ̀ lé orí wọn. Ibi tó wù kí ènìyàn so okùn mọ́ lára irin méjèèjì yìí, ó máa gbà á.

Ní ọdún 1916, ní ìlú Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Holmes, tó ní ilé ìtọ́jú ọkọ̀, bá wọn fa ọkọ̀ Ford kan tó já sódò kékeré. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni òun àti àwọn ọkùnrin mìíràn fi fi okùn àti pákó jìjàkadì kí wọ́n tó gbé e jáde. Làálàá ọjọ́ yẹn ló mú kó gbé òpó mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ ìfàkùn àti ṣéènì lé ẹ̀yìn Cadillac kan tí wọ́n ṣe ní 1913. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ayé kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ ìwọ́kọ̀, musíọ̀mù tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà sì wà ní Chattanooga títí dòní.

Nígbà tó yá, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ọkọ̀ yí padà. Kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, kó má sì mu epo púpọ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dẹ́kun lílo irin gígùn méjì tó dá dúró lábẹ́. Páànù tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀, ni ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ wá di. Gbogbo rẹ̀ jọ ń gbé ẹrù ni. Níwájú, irin méjì tó ní ihò nínú na jáde láti ìdí ẹ́ńjìnnì, irin kan sì dábùú wọn. Ike ni bọ́ńpà tí a ń rí lójú, ó kàn bo irin ìdábùú yẹn ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iwájú ọkọ̀ báyìí kó lè rún bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí agbára ìkọlù náà má bàa dé ara àwọn tó jókòó sínú.

Ìdí nìyí tí ibi ìfà fi di ihò. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ jó irin kan tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì nínú mọ́ orí ọ̀kan nínú irin méjèèjì, tàbí mọ́ irin ìdábùú, wọ́n sì dá ihò sí ike tó bò ó. Wọn kò fi òrùka síta nítorí pé irin tó bá yọ gọnbu síwájú lè ṣe ẹni tí ọkọ̀ bá kọ lù léṣe, ó sì lè dí bọ́ńpà lọ́wọ́ láti rún bó ṣe yẹ.

Òfin náà dá sí i. Láti ọdún 1977 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ti ní òfin kan lórí ibi ìfà ọkọ̀. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2010, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi ìfà níwájú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ ní ti ẹ̀yìn pẹ̀lú, àyàfi èyí tí wọn kò ṣe kó lè fa nǹkan kan. Òfin náà sọ pé ibi ìfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gba agbára tó tó ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ náà nígbà tí ẹrù àti èrò bá kún inú rẹ̀ dé ibi tí òfin gbà á dé.

Ohun tí agbára yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀: ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí a dúró lé lórí dáadáa. Bí ọkọ̀ kan àti ẹrù inú rẹ̀ bá wúwo tó kìlógíráàmù 1,800, ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ òrùka ìfà rẹ̀ kò ju agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n kìlógíráàmù 900 lọ.

Lórí títì tó tẹ́jú, agbára yìí pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Bí ẹrù kò bá pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, tó wá wúwo tó kìlógíráàmù 1,500, tí táyà rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, tí gíà rẹ̀ sì wà ní fírì, kò gbà ju agbára ìwọ̀n kìlógíráàmù 15 sí 25 lọ kó tó máa yí lọ. Abájọ tí ènìyàn méjì fi lè ti ọkọ̀ kúrò lójú títì. Bí ọ̀nà bá ń gòkè, tó jẹ́ pé nínú mítà 10 tí a bá rìn a ó ga ní mítà 1, ìwọ̀n bíi kìlógíráàmù 150 á kún un. Òrùka ìfà ṣì lè gbé èyí láìṣe wàhálà.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn. Àwọn tó ń fi yíyọ ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe máa ń ṣírò rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá rì débi tí ẹrẹ̀ fi bo rímù, agbára tí yóò yọ ọ́ lè tó odindi ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Kìlógíráàmù 1,500 nìyẹn fún ọkọ̀ tí à ń wí yìí, ó sì ti kọjá 900 tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ òrùka rẹ̀. Bí a bá wá fi ìjálu kún un, tí okùn dẹ̀ sílẹ̀ tí ọkọ̀ iwájú sì sáré ja á gbà, ohun tó máa dé ara òrùka á tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eré ọkọ̀ tó ń já okùn gbà bá di ìlọ́po méjì, agbára inú ìjálu náà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé fún fífa ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń yí lórí ilẹ̀ líle ni wọ́n ṣe òrùka ìfà tí a ń dè. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà, ẹ kó ẹrù àti èrò kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti pákó bọ abẹ́ táyà, kí ẹ tó rọra fà á láìjálu. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe àwọn tó ní wíǹṣì.

Ọ̀nà tí a gbà fà á ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Òrùka ìfà lágbára jù bí a bá fà á tààrà síwájú. Bí a bá fà á sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá rẹ̀ á máa tẹ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á sì máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì wà ní ìlà kan náà bó bá ti lè ṣeé ṣe tó kí ìfà tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń de òrùka ìfà

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n. Báyìí ni a ṣe ń tẹ̀ lé e:

1. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ wà láàbò kọ́kọ́. Ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì, ẹ gbé C-Caution sẹ́yìn ọkọ̀ ní ibi tí àwọn tó ń bọ̀ á ti tètè rí i, ẹ sì fa hánbíréèkì sókè.

2. Ẹ ṣí búùtù, kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ọ̀dọ̀ sípíà táyà, nínú àpò tàbí ike tí jáàkì wà, ni òrùka sábà máa ń wà.

3. Ẹ wá ìdérí lára bọ́ńpà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá tẹ etí ìdérí náà kan sínú, etí kejì á yọ síta. Nínú àwọn mìíràn, ihò tín-ín-rín kan wà tí a ń ti síkúrùdíráífà bọ̀. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu síkúrùdíráífà náà kó má bàa ha ọ̀dà. Ìdérí kan máa ń ní okùn ike tó so ó mọ́ bọ́ńpà, ẹ má ja á.

4. Ẹ nu tẹ́rẹ́ẹ̀dì òrùka mọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó fi mọ́ Toyota, ń yí sí ọwọ́ ọ̀tún bíi bóòtù tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ Ford àti Volkswagen, ọwọ́ òsì la ń yí i sí kó tó wọlé. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè lérò pé òrùka kì í ṣe ti ọkọ̀ náà, tàbí kó fi agbára yí i títí tẹ́rẹ́ẹ̀dì á fi bàjẹ́. Bí kò bá wọlé, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì yí i sí òdì kejì.

5. Nígbà tí ọwọ́ kò bá lè yí i mọ́, ẹ ti ọ̀pá wíìlì sípánà bọ ojú òrùka, kí ẹ fi fún un títí yóò fi dúró gbọnin. Òrùka tí a dè dé ààbọ̀ léwu púpọ̀. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì díẹ̀ péré ló ń di gbogbo ẹrù náà mú, ọ̀pá rẹ̀ á sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

6. Ẹ so okùn mọ́ ojú òrùka pẹ̀lú ìkọ́ tó ní ìdè tí kò ní jẹ́ kí okùn yọ jáde nígbà tó bá dẹ̀.

7. Bí ẹ bá ti fa ọkọ̀ tán, ẹ tú òrùka, ẹ dá ìdérí padà, kí ẹ sì kó òrùka padà sí búùtù. Àwọn kan máa ń fi òrùka sílẹ̀ lára ọkọ̀ kó lè tètè wà ní sẹpẹ́. Ìyẹn lòdì sí ìdí tí wọ́n fi mú un kúrò níta.

Okùn, àti ọwọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn

Okùn tó dára fún ìfà ni èyí tí wọ́n fi ọ̀rá líle bíi náílọ́ọ̀nù hun, tó sì ń nà díẹ̀. Nínà díẹ̀ yẹn ló ń gba ìjálu mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ṣéènì ló dára jù nítorí pé kì í já bọ̀rọ̀. Ṣéènì àti wáyà irin kì í nà, nítorí náà gbogbo ìjálu ló máa dé ara òrùka àti ara ọkọ̀. Ohun tí kò bá já nínú okùn á wá ibòmíràn já.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wakọ̀, òfin sọ pé àlàfo àárín ọkọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju mítà 4.5 lọ. Bí ó bá ju mítà 1.5 lọ, a gbọ́dọ̀ ṣe okùn náà kó hàn kedere sí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìlànà yìí bọ́gbọ́n mu níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ọlọ́kadà lè fẹ́ gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá, aṣọ pupa tí a so mọ́ àárín okùn lè gba ẹ̀mí là.

Iṣẹ́ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà le ju ti ẹni tó ń fà á lọ, nítorí náà ẹ má fi ọmọdé tàbí ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà dáadáa síbẹ̀. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí sítíárìn kò ti ní tì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, sítíárìn á wúwo. Bíréèkì náà á le lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ló ń ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ó tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló yẹ kó máa fi bíréèkì díẹ̀díẹ̀ mú okùn le, kó má bàa dẹ̀ kó sì jálu. Kí àwọn awakọ̀ méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lórí àmì tí wọn yóò máa lò kí wọ́n tó gbéra. Bí bíréèkì ọkọ̀ tó kú kò bá ṣiṣẹ́, a kì í fi okùn fà á rárá. Ọkọ̀ ìwọ́kọ̀ ló yẹ kó wá gbé e. Kí àwọn tó ń wòran sì jìnnà sí okùn nígbà tó bá le, nítorí okùn tó bá já lè na ènìyàn bí ẹgba.

Ohun tó jọ ibi ìfà, àmọ́ tí kì í ṣe é

Ibí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá. Bí a bá gbé garawa tó kún fún omi, etí rẹ̀ la fi ń gbé e, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ká irin mọ́; ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ gbé e á fà á ya, bẹ́ẹ̀ ike kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irin abẹ́ ọkọ̀ rí. Pé irin ni kò túmọ̀ sí pé ó lè gba ìfà.

Àkọ́kọ́ ni ìkọ́ ìdèmọ́lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba orí omi wọ èbúté Tin Can ní Èkó wá, inú ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá. Ní inú rẹ̀, wọ́n á de ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ìgbì má bàa gbá wọn lu ara wọn. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fi ìkọ́ tín-ín-rín tàbí ihò gígùn sí abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é kó fà sí, láti mú ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ dání. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kìlọ̀ kedere pé kí a má fi í fa ọkọ̀.

Èkejì ni àwọn irin tó so mọ́ táyà: lówà áàmù, táì ródù, ṣáàfùtù àti ọ̀pá tó ń mú ọkọ̀ dúró déédéé ní kọ́nà. Àwọn ni ọwọ́ tètè máa ń bà lábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí táyà dojú kọ ibi tó yẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ díẹ̀, ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sítíárìn á sì máa fà.

Ẹ̀kẹta ni bọ́ńpà fúnra rẹ̀ àti irin tó gbé rédíétọ̀. Ike àti páànù fẹ́lẹ́ ni wọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ kan, èyí tí a fi ń fa tírélà kékeré. Ní Yúróòpù, mìlímítà 50 ni ìbú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, oríṣi tó jẹ́ íǹṣì 2 wọ́pọ̀. Ó lágbára fún iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn tírélà tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá so okùn mọ́ ọn láti já ọkọ̀ tó rì gbà, ọrùn bọ́ọ̀lù náà lè kán. Okùn tó ti nà á sì ju odidi irin náà bí ọta ìbọn. Ó ti pa ènìyàn rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ pàápàá.

Ẹ̀karùn-ún jẹ́ ti ìgbà wa yìí: òrùka aláwọ̀ pupa tàbí búlúù tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́, tó jọ ti ọkọ̀ eré ìje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé ara ṣáṣì rárá. Ẹ má so okùn mọ́ ọn.

Ìdí tí fírì kò fi tó fún gíà ọ̀tọ́

Ibi ìfà lè wà ní ipò rẹ̀, okùn lè dára, kí ìfà sì tún ba ọkọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá ti fi gíà sí fírì, ibi tó wù wá la lè fa ọkọ̀ dé. Fún gíà mánúà, ìyẹn sún mọ́ òótọ́. Fún gíà ọ̀tọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fa òróró káàkiri inú gíà ọ̀tọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí táyà tó ń gba agbára láti ara gíà sì ń yí lórí ilẹ̀, irin inú gíà á máa fi ara gbo ara láìsí òróró tó tó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan gbà kí a fà á ní ọ̀nà kúkúrú, pẹ̀lú eré tí kò ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ. Àwọn mìíràn kò gbà á rárá. Ohun tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára yẹ kó wà lórí ọkọ̀ tó ní pẹpẹ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ alápapọ̀ epo àti iná bíi Prius, nítorí pé bí táyà rẹ̀ bá ń yí, mọ́tò inú rẹ̀ lè máa pèsè iná, ìyẹn sì lè fa ìjàǹbá iná. Fún àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ òrùka ìfà ni láti fi rọra fa ọkọ̀ gun orí pẹpẹ náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló jẹ́ pé ẹlòmíràn ti lo ọkọ̀ wa rí kó tó dé ọwọ́ wa. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ó ṣeé ṣe kí òrùka ti sọnù. Jáàkì àti òrùka sábà máa ń pòórá lọ́wọ́ àwọn tó ti lo ọkọ̀ náà. A lè rí òmíràn rà ní ọjà bíi Ládípọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n gígùn àti tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn yàtọ̀ síra. Ẹ wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ dè é wò kí ẹ tó sanwó. Bóòtù tí wẹ́dà jó òrùka mọ́ lórí kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ooru iná lè sọ irin di ohun tó ń tètè kán.

Ó tún ṣeé ṣe kí àwọn tó kun ọkọ̀ ti fi ọ̀dà lẹ ìdérí pa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra fi abẹ tín-ín-rín là á yíká nígbà tí ọkọ̀ wà ní ilé.

Èyí tó le jù ni ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá rí. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ irin ìdábùú iwájú, ihò ìfà lè má sí níbẹ̀ mọ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n kàn jó o mọ́ra lásán. Tí òrùka bá wọlé tó sì ń mì, tàbí tí inú ihò náà ti dógùn-ún, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí ọjọ́ náà tó dé

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ lo ọ̀sán Sátidé kan fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wá òrùka náà nínú búùtù, ẹ ṣí ìdérí iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ de òrùka wọlé títí yóò fi dúró, kí ẹ mọ ọwọ́ tí ó ń yí sí. Ẹ fi gíìsì díẹ̀ pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ẹ ka ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ nípa fífa gíà yín. Ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù kan kún irinṣẹ́ inú búùtù, kí ẹ sì kọ 122, nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, sí ibi tí ojú yóò ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn nínú ilé, ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí dírẹ́bà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti dè é rí kò ní máa tọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ lóru láti wá irin.